Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń padà sílé: Ẹ̀kọ́ Ṣáínà fún Ṣómólú àti Bàrígà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, LandSpace lorúkọ rẹ̀, ṣubú lójú gbogbo ayé. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n pè ní Zhuque-3 ni wọ́n yìn láti Jiuquan, ní aṣálẹ̀ tó wà ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Apá òkè rọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún dé ibi tí wọ́n rán an lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ kó padà wálé kó sì balẹ̀ lóòró, gbiná nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó sì fọ́ yángá nítòsí ibi tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ dè é.

Ní ibòmíràn, ibẹ̀ ni ìtàn ì bá parí sí. Wọn ì bá gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, wọn ì bá pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà lólè, wọn ì bá sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Ní Ṣáínà, kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìṣubú yìí tí LandSpace gbé ìwé lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò ìlú Shanghai pé àwọn fẹ́ ta ìpín fún aráàlú kí àwọn lè rówó tẹ̀síwájú, ọjà náà sì gba ìwé wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Iwájú ni wọ́n ń wò. Wọ́n mọ̀ pé ọmọdé ṣì ni àwọn nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn tó ń kówó lé wọn lọ́wọ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló kan atẹ̀wé tó wà ní òpópónà Bajulaiye ní Ṣómólú, tàbí apẹja tó ń gbé etí ọ̀sà ní Bàrígà, tàbí àgbẹ̀ tó wà nínú oko kòkó, nínú ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Ṣáínà. Ó kàn wọ́n ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Owó Nàìjíríà ti bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gòkè lọ sójú òfurufú rí, ètò òmíràn sì tún wà nílẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n sì ń wá kiri ní Ṣáínà, ìyẹn ọgbọ́n kí a má sọ ohun tó ṣì wúlò nù, kì í ṣe àjèjì ní Ṣómólú rárá.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè réré, tó ń gbé ohùn, àwòrán tẹlifíṣàn àti ìròyìn ojú ọjọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1957 tí ìjọba Soviet ti rán Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, lọ sókè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí ọkọ̀ náà bá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lókè, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó tóbi jùlọ tó sì gbówó lórí jùlọ, yóò já bọ́ sínú òkun tàbí sínú igbó. Amẹ́ríkà gbìyànjú láti yí èyí padà pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n lò láti ọdún 1981 títí di 2011, ṣùgbọ́n owó tí àtúnṣe ọkọ̀ náà ń gbà lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan pọ̀ débi pé àǹfààní tí wọ́n rò kò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

Kí ẹ fojú inú wo apẹja kan ní Bàrígà tó ra ọkọ̀ ojú omi tuntun, tó ra ẹ́ńjìnnì tuntun sí i, tó wà á lọ sórí ọ̀sà lẹ́ẹ̀kan, tó pa ẹja agbọ̀n kan, tó wá dáná sun ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì nígbà tó padà dé èbúté. Èló ni yóò ta ẹja náà kó tó rí owó rẹ̀? Ta ni yóò sì lè ra irú ẹja bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ọba àti ìjọba? Ìdí rèé tí ó fi jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá nìkan ló ń lọ sójú òfurufú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn tó kù sì ń san owó gegele fún wọn láti bá wọn gbé ẹrù.

Ilé iṣẹ́ SpaceX ní Amẹ́ríkà ló já okùn yìí. Ọdún 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn àkọ́kọ́ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra láàárín ọdún 2006 sí 2008 kí ìkẹrin tó yọrí sí rere. Lọ́jọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 2015, apá ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 padà wá balẹ̀ lóòró ní ìpínlẹ̀ Florida. Nígbà tó di ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2017, wọ́n tún èyí tó ti lọ tó ti bọ̀ yìn padà. Lónìí, ó ti wà nínú àwọn ọkọ̀ wọn èyí tó ti lọ tó ti bọ̀ ju ìgbà 30 lọ, gẹ́gẹ́ bí dánfó tó ń ná Bàrígà sí Ọ̀yìngbò.

Ṣáínà rí èyí, wọn kò jókòó káwọ́ gbera. Ní ọdún 2014, ìjọba wọn kéde pé àwọn aládàáni lè fi owó wọn sí iṣẹ́ òfurufú tó ti jẹ́ ti ìjọba nìkan. Ní ọdún 2015, Zhang Changwu, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní bánkì rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá LandSpace sílẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn àkọ́kọ́. Kò dé ibi tó ń lọ. Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n yin irú kejì. Òun náà kò dé. Lọ́jọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2023, wọ́n tún un yìn, ó sì dé. Òun ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé tó fi gáàsì mẹ́tẹ́ènì dé ojú òfurufú tó sì ń yí ayé po. Amẹ́ríkà gan-an kò tíì ṣe é nígbà náà. Mẹ́tẹ́ènì yìí kan náà ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí àwọn elépo ń sun dànù lọ́sàn-án lóru ní agbègbè Niger Delta.

LandSpace nìkan kọ́ ló ń ṣubú tó ń dìde. Lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Space Pioneer so rọ́kẹ́ẹ̀tì Tianlong-3 mọ́lẹ̀ nítòsí ìlú Gongyi láti dán ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà já ìdè rẹ̀, ó fò lọ, ó sì lọ já sórí òkè kan níbi tó ti gbiná. Orí ló kó àwọn ará ìlú yọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ Deep Blue Aerospace fò sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àfi bí ó ṣe fẹ́ balẹ̀ tán tó fọ́. Kódà, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba Ṣáínà fúnra rẹ̀ gbìyànjú irú ìbálẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Long March 12A ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, tiwọn náà kò balẹ̀ ire.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kó yé àwọn ará oko dáadáa. Àárín ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú ibi tí Ṣáínà ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kì í ṣe etíkun. Bí apá ìsàlẹ̀ bá já, orí oko àti abúlé ni ó lè bọ́ sí. Lọ́jọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Long March 3B kan yà bàrá kété tó gbéra ní Xichang, ó já sí ẹ̀bá abúlé kan, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọkọ̀ tó bá mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, tó ń padà sí ojú kan tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, yóò dín ewu irú bẹ́ẹ̀ kù fún àgbẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí ló wá mú kí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣubú lẹ́ẹ̀kínní, lẹ́ẹ̀kejì, ṣì lè dìde lẹ́ẹ̀kẹta? Èkíní, ìjọba wọn ṣílẹ̀kùn. Èkejì, wọ́n rí owó tó ní sùúrù: owó àwọn oníṣòwò, owó ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìlú tó fẹ́ kí iṣẹ́ wọ agbègbè wọn. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ ńlá tí LandSpace ti ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fi wà ní ìlú Huzhou. Ẹ̀kẹta, oníbàárà wà. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni àjọ NASA fún SpaceX níṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó bílíọ̀nù 1.6 dọ́là láti máa gbé ẹrù lọ sókè nígbà 12, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú ìṣubú mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ pé aládàáni dá nìkan ṣe é. Aládàáni ló ń gbé ẹrù náà, ìjọba ló fi òṣùká sí i lórí.

Nàìjíríà kò ṣàìmọ iṣẹ́ yìí. Ọdún 1999 ni wọ́n dá àjọ NASRDA sílẹ̀ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, wọ́n gbé NigeriaSat-1, tí wọ́n ṣe ní ìlú Guildford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sókè láti Rọ́ṣíà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ní ọjọ́ díẹ̀ kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó gbéjọba sílẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà gbé NigComSat-1 gòkè láti Xichang. Owó iṣẹ́ náà ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Kò tó ọdún méjì tí sátẹ́láìtì náà fi kú, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, nítorí pé ohun tó fi ń gba agbára láti ara oòrùn ṣiṣẹ́ tì. Ọpẹ́lọpẹ́ adójútòfò, Ṣáínà ṣe òmíràn, NigComSat-1R, wọ́n sì gbé e sókè ní oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Ọdún 15 ni wọ́n dá fún NigComSat-1R láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ìṣirò mọ ibi tí ọdún náà já sí. Ìjọba àpapọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí yóò rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣé Nàìjíríà yóò tún gbé àpò owó kalẹ̀, tí wọn yóò bá wa ṣe é, tí wọn yóò bá wa gbé e, tí àwa yóò sì máa pàtẹ́wọ́ níwájú tẹlifíṣàn? Àbí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí yóò ti ibẹ̀ kọ́ ohun tí wọn yóò mú bọ̀ wá sílé?

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé NigeriaSat-2 sókè láti Rọ́ṣíà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, NigeriaSat-X bá a lọ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Guildford ló sì ṣe èyí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, sátẹ́láìtì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NigeriaEduSat-1, tí àwọn ọmọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, FUTA, ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Japan, bá rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 lọ. Apá ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà wá balẹ̀ láyọ̀. Àgọ́ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ gan-an kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti lò ó rí ní ọdún 2014, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí SpaceX tún irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ lò. Èyí ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Àkúrẹ́ ti wọ ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ sójú òfurufú.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ló sì gbé wa dé Ṣómólú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tẹ ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, àlùmánáàkì ẹgbẹ́ tàbí pósítà olóṣèlú ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ṣómólú ni wọn yóò júwe fún un. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, Kord àti GTO tí ilé iṣẹ́ Heidelberg ti Jámánì ṣe, ló jẹ́ pé àwọn òyìnbó ti lò wọ́n, wọ́n ti sinmi wọn, kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Ohun tí òyìnbó rò pé ó ti kú, àwọn ọ̀gá Ṣómólú tú u palẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wá ẹni tó gé irin tuntun dípò èyí tó ti jẹ, ó sì tún jí dìde. Ẹ̀rọ tó ti dàgbà ju ọmọ tó ń wà á lọ ló ń bọ́ ìdílé.

Ẹni tó bá tẹ̀lé iṣẹ́ kan ṣoṣo ládùúgbò náà yóò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló ń ya iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn ló ń ṣe irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó di ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé bébà, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn ìwé, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń di ìwé pọ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wọn, ọmọlanke àti èjìká àwọn alábàárù ló so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹni tó ní gbogbo ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ iṣẹ́ jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ṣe ń yí ilé iṣẹ́ ńlá ká ní Ṣáínà nìyẹn, tí oníkálukú ń ṣe irin kan, wáyà kan, bóòtù kan.

Bàrígà náà kì í ṣe ìlú òfo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà ìta ló máa ń gbé orúkọ rẹ̀ dé ojú ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ni CMS Grammar School wà láti ọdún 1959, ilé ẹ̀kọ́ girama tó dàgbà jùlọ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Àgbègbè náà ló fi ògiri ti Yunifásítì Èkó ní Akọka. Láti Ṣómólú àti Bàrígà yìí kan náà ni àwọn olórin bíi 9ice àti Olamide ti jáde. Ọdún 1859 yẹn kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe àjèjì sí àwọn bàbá wa bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ṣe àjèjì sí wa lónìí. Ọmọ ilẹ̀ yìí kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n, ó fi ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ilé ń jó, olè ń jà lórí iṣẹ́ Ṣómólú. Iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró, jẹnẹrétọ̀ ló ń tẹ̀wé, owó epo sì ń jẹ èrè. Ó ti pẹ́ tí àwọn atẹ̀wé ti ń ké pé owó bodè lórí bébà àti tàdáwà ń mú kí ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílé wọ́n ju èyí tí wọ́n tẹ̀ parí lókè òkun lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ wa gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ pé Ṣáínà tàbí Íńdíà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Jẹ́bbà, Ìwópin àti Oku Iboku, kò sí èyí tó mú ìrètí aráàlú ṣẹ. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó máa ń gba fíríídọ̀mù pẹ̀lú ayẹyẹ láyé àtijọ́ ti ń dínkù, ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti gbà wọ́n lọ.

Nítorí náà, ibi tí Ṣáínà gbà jù wá lọ kì í ṣe ọpọlọ, kì í sì í ṣe ọwọ́. Ọmọ tó lè mú ẹ̀rọ Jámánì tó ti kú jí dìde lábẹ́ òrùlé páànù kì í ṣe olódo. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé nígbà tí ọmọ Ṣáínà bá ṣubú, ẹnì kan wà tó fọwọ́ gbé e dìde. Nígbà tí ẹ̀rọ atẹ̀wé Ṣómólú bá bàjẹ́ tí gbèsè sì wọ̀ ọ́, ó di kó ta ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kó sì lọ wakọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ebi ń pa aráàlú, kí ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì sí? Ìbéèrè gidi ni. Kò sí ẹni tó ní kí ìjọba kó owó oúnjẹ sínú iná. Ṣùgbọ́n ọ̀run tí à ń wò yìí ti wọ inú oko. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tí SpaceX ń pín láti ojú òfurufú, ti wọ Nàìjíríà, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe. Abúlé tí kò sí òpó ìbánisọ̀rọ̀ kankan ti lè rí i lò, ṣùgbọ́n òkè òkun ni owó tí wọ́n ń san ń lọ. Àwòrán sátẹ́láìtì ló ń fi ibi tí àgbàrá dé hàn nígbà omíyalé, òun náà ló ń fi ọ̀dá hàn kó tó di ìyàn. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ náà yóò máa ra á títí ayé ni.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá ní kí á fàyè gba ìṣubú, àwọn olè ni yóò jẹ ẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣubú lọ́tọ̀, olè jíjà lọ́tọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì LandSpace jó lójú gbogbo ayé. Ẹni tó ń wò rí ibi tí owó wọlé sí, ó rí ibi tó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbówó rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí òkúta kan nílẹ̀, ìyẹn kò ṣubú, nítorí kò dìde rí. Irú èyí ló yẹ kí EFCC máa wá kiri. Ọ̀dọ́ tó gbìyànjú ní gbangba, tó ṣàlàyé àṣìṣe rẹ̀, tó sì ní ìwé owó rẹ̀ lọ́wọ́, ó yẹ kí wọ́n tún fún un láyè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Kí ìjọba àpapọ̀ má ṣe tọwọ́ bọ ìwé sátẹ́láìtì tuntun kankan láìjẹ́ pé ó wà nínú rẹ̀, ní kedere, iye ọmọ Nàìjíríà tí yóò kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ àti apá tí wọn yóò fọwọ́ ara wọn ṣe. Kí wọ́n sì gbé àdéhùn náà síta kí aráàlú kà á. Àjọ NASRDA ní ibùdó kan ní Ẹ̀pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó níbí, tó wà fún iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí ilẹ̀kùn ibùdó náà ṣí sí àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó àti ti Yábàá Tẹ́ẹ̀kì, kó ṣí sí àwọn tó ń gé irin ní Ṣómólú pẹ̀lú, kí ọ̀mọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ jọ dúró sídìí ẹ̀rọ kan náà. Ẹni tó mọ ìwé kò mọ bí irin ṣe ń gbóná lọ́wọ́. Ẹni tó mọ irin kò mọ ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀. Àìpàdé àwọn méjèèjì ló ń pa wá lára.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Bàrígà jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ìwé tí wọ́n ń pín nílé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwé rìsíìtì, ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, kí ló dé tí Ṣómólú kò lè tẹ gbogbo rẹ̀? Kí wọ́n wá ọ̀nà tí iná yóò fi dúró ní òpópónà àwọn atẹ̀wé. Kí bánkì tó ń yáni lówó má ṣe béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ méjì àti orúkọ rere. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà ní tiwọn láti ṣe: kí wọ́n dá ètò ìkọ́ṣẹ́ padà sípò, kí ọ̀gá má sì sọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀.

Kò sí ẹni tó sọ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò gbéra láti òpópónà Bajulaiye lọ́la. LandSpace gan-an ti lo ọdún mẹ́wàá, ọkọ̀ wọn kò sì tíì mọ ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wọn ṣì ń gbìyànjú, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ náà yóò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá dé, iye owó tí wọn yóò máa gbà lọ́wọ́ Nàìjíríà yóò wà lọ́wọ́ wọn láti dá, àyàfi bí a bá ti ní tiwa lọ́wọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.